Odò Tó Dábùú Ọ̀nà: Láti Dakar Dé Ziguinchor

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta áńkárá wá bá mi ní ọ́fíìsì láìpẹ́ yìí. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì mi, ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ kan láti Dakar wá sí Ziguinchor, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, Sẹ̀nẹ̀gàl ni ìlú méjèèjì wà. Mo fẹ́ háyà mọ́tò, kí n gbéra láàárọ̀, kí n dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbí kò ṣeé ṣe?"

Mo wo ìlà tó fà, ẹ̀rín pa mí. Mo ní: "Àbúrò, ó ṣeé ṣe o. Ṣùgbọ́n ìlà tí o fà yìí la orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá, odò ńlá kan sì dábùú ibẹ̀. Jókòó ná."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ó yẹ kó mọ ìtàn rẹ̀ kó tó máa ṣírò owó epo.

Orílẹ̀-èdè tó wà láàárín náà ni Gámbíà. Bí a bá yọ àwọn erékùṣù sílẹ̀, òun ló kéré jù ní Áfíríkà. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkun wọ inú Sẹ̀nẹ̀gàl lọ. Ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó kìlómítà 50. Ta ló gé ilẹ̀ báyìí? Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, wọ́n jókòó ní Paris, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì mú kìlómítà mẹ́wàá ní apá ọ̀tún odò Gámbíà, kó mú mẹ́wàá ní apá òsì, kí Faransé kó ìyókù. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ṣe àwàdà pé ibi tí ọta àgbá inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lè bá dé ni wọ́n fi ṣe ààlà. Àwàdà tàbí òótọ́, wọn ò bi àwọn Mandinka, Wolof àti Jola tó ní oko àti ìyekan ní ìhà méjèèjì léèrè rárá. Bí ìhà gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl, tí à ń pè ní Casamance, ṣe di ẹni tó jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ré odò náà kọjá. Ọ̀kan wà ní ẹnu òkun, níbi tí férì ti ń gbé ènìyàn àti mọ́tò láti Barra lọ sí Banjul. Banjul yìí, Bathurst ni Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1816. Ọdún 1973 ló tó gba orúkọ rẹ̀ padà. Ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó ni láti dínà mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Wọ́n gbé àgbá mẹ́fà kalẹ̀ ní Banjul, nígbà tó sì di 1826, wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi Fort Bullen ní Barra, kí ọkọ̀ ẹrú má baà rí àárín wọn gbà. Omi tí férì ń là kọjá lónìí, ibẹ̀ gan-an ni àwọn àgbá náà dojú kọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown, àwọn kan ni wọ́n tún kó wá sí Banjul. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nítorí pé "ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́" kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Aku. Títí di òní, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní Gámbíà nìyẹn. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú férì ní Banjul, má ṣe rò pé ìwọ ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà lókè odò, lẹ́bàá Farafenni. Ibẹ̀ ni títì tó so àríwá Sẹ̀nẹ̀gàl mọ́ gúúsù gbà kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, férì ló ń gbé mọ́tò sọdá láàárín Yelitenda àti Bambatenda. Férì a bàjẹ́, tírélà a tò bí èèrà, awakọ̀ a sùn, a jí, a tún sùn. Láti 1982 sí 1989, orílẹ̀-èdè méjèèjì tilẹ̀ para pọ̀ di Senegambia, ṣùgbọ́n wọ́n tú ká láìkọ́ afárá.

Ní 2005, Gámbíà sọ owó férì di ìlọ́po méjì. Inú bí àwọn onímọ́tò Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n dí ẹnu bodè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, dá sí i ní Dakar ní oṣù kẹwàá, Gámbíà sì dá owó náà padà sí bó ṣe wà. Ọdún 2016 tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó tí tírélà ń san fò láti sẹ́fà 4,000 dé 400,000. Ọ̀nà tún dí fún oṣù bíi mẹ́ta. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbọgbẹ́: ọjà àwọn ìyá ológe ló ń jẹrà nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ìjà àwọn tó fẹ́ kí Casamance dá dúró bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ó sọ ojú títì di ibi ẹ̀rù. Bodè méjì àti férì kan tún wà lọ́nà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba ojú òkun láti Ziguinchor lọ sí Dakar, nínú ọkọ̀ ìjọba tó ń jẹ́ Le Joola. Èrò 536 ni wọ́n ṣe é fún. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ó kó èrò bí 1,900, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sí iléèwé àti àwọn obìnrin ọlọ́jà wà nínú wọn. Ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé ní etíkun Gámbíà. Àwọn tó kú lé ní 1,800. 64 péré ló yè é. Àwọn tó kú ju ti ọkọ̀ Titanic lọ. Bí ọ̀nà ilẹ̀ bá já geere ni, mélòó nínú wọn ni ì bá wọ ọkọ̀ náà? Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ìlà tó fi bírò fà wẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀mí ti bá a lọ.

Ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 2019 ni Ààrẹ Adama Barrow ti Gámbíà àti Macky Sall ti Sẹ̀nẹ̀gàl ṣí afárá sórí odò náà lẹ́bàá Farafenni. Ó gùn tó mítà 942. Ohun tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wàyí o, bí a ṣe ṣètò ìrìnàjò náà nìyí. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, nítorí àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́; ṣùgbọ́n kí páásípọ́ọ̀tù wà, kí káàdì yẹ́lò wà, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i ní bodè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá háyà mọ́tò, kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín pé òun gbà kó kọjá bodè, kó sì béèrè ìwé ìńṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí ní Cotonou ní 1982. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Sẹ̀nẹ̀gàl, dálásì ni Gámbíà ń ná. Kó méjèèjì dání. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó máa wà. Kó má sì rìn lóru ní Casamance.

Ní ti férì, ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú ṣírò rẹ̀. Omi ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ìdúró ló ń pa ènìyàn. Èmi fúnra mi ti pẹ́ dé etí odò kan rí. Mo sun inú mọ́tò mọ́jú, ẹ̀fọn sì fi mí ṣe sàráà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ férì, àárọ̀ kùtù ni kó débẹ̀, kó má sì ṣe wọ èyí tó bá kún àkúnjù, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń jó.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Ó mú bírò rẹ̀, ó fa ìlà méjì báyìí: ọ̀kan gba orí afárá lọ, èkejì gba Banjul àti Barra bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba afárá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo fẹ́ lọ kí àwọn Aku yẹn pé ẹ kú ilé o."