Ìhámọ́ra Abẹ́ Ọkọ̀: Ohun Tí Òkúta Fi Kọ́ Awakọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkúta tó gún ikùn ọkọ̀ bàbá mi, kò sẹ́ni tó rí i lókèèrè. Ìyá àgbà wà nínú píkọ́ọ̀pù náà, ẹsẹ̀ wọn ti wú, à ń gbé wọn bọ̀ láti abúlé kí a lè gbé wọn dé ọsibítù. Òjò ti fọ ọ̀nà oko náà títí òkúta fi yọrí síta. A gbọ́ “gbàù” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi kò dúró, nítorí ìrora ìyá wọn ló gbà wọ́n lọ́kàn. Kò pẹ́ tí iná pupa fi tàn níwájú wọn, tí ẹ́ńjìnì ké, tó sì dákẹ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí a wẹ̀yìn, ọ́ìlì ti fa ilà dúdú gbọọrọ sójú ọ̀nà. Òkúta ti lu súmpù, ìyẹn àwo tó gba ọ́ìlì sí abẹ́ ẹ́ńjìnì. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ kan tó kó gbágùúdá tó bá wa gbé ìyá àgbà dé ìlú.

Ọlọ́run ṣeun, ara ìyá àgbà yá. Ẹ́ńjìnì ni kò yá. Nígbà tí bàbá mi ra òmíràn, wọ́n búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ bá jórinjórin, wọ́n ní kí ó gé irin tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó fi bo abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé àárín, kí ó má ṣẹ́ ibì kankan kù. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí irin náà fi di wàhálà. Ọkọ̀ ń gbóná. Epo rẹ̀ kì í tó mọ́. Iwájú rẹ̀ tẹ̀, ó sì súnmọ́ ilẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta tí kò lè kàn án tẹ́lẹ̀ wá ń ha á. Ọjọ́ tí a fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, àfi kí a tú gbogbo irin náà palẹ̀. Mẹkáníìkì wa wò ó, ó ní, “Alàgbà, ẹ fẹ́ dáàbò bo ọkọ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ sin ín?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, ṣùgbọ́n òun ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn àwọn tó ti rin ọ̀nà búburú ṣáájú wa. Mo fẹ́ mọ irú ìhámọ́ra tí wọ́n yàn fún ọkọ̀ wọn àti ìdí tí wọ́n fi yàn án. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ẹni tó gbé irin jù ni ọ̀nà ń yẹ. Ẹni tó mọ ibi tí òkúta ọ̀nà tirẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1940, bí ogun àgbáyé kejì ṣe ń gbóná ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ 135 pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa wọ́lẹ̀ pa pọ̀, tí yóò lè rin ibi tí kò sí ọ̀nà. Ọjọ́ 49 péré ni wọ́n fún wọn láti gbé ọkọ̀ ìdánwò wá. Bantam, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Pennsylvania, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Willys-Overland àti Ford tẹ̀lé e. Báyìí ni ọkọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí jíìpù ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ di ìṣòro. Pọ́ùn 1,300 ni àwọn ológun kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn nǹkan bíi kílò 590. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe é. Wọ́n gbé e sókè dé pọ́ùn 2,160, síbẹ̀ ọkọ̀ Willys ṣì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Delmar Roos, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà níbẹ̀, ní kí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kí wọ́n sì wọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóòtù tó gùn jù, wọ́n gé e. Irin tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àní ọ̀dà ara rẹ̀ pàápàá, wọ́n dín in kù.

Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìgékù yìí, nígbà tí jíìpù jáde lọ sógun, àwo irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí gíáàbọ́ọ̀sì ti rọ̀ sísàlẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Àwọn tó ń fi ìwọ̀n ọ̀dà ṣírò kò yọ àwo náà kúrò. Wọn kò sì fi irin bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Ibi tí òkúta yóò kọ́kọ́ kàn, tó sì jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ ìrìn parí, ibẹ̀ ni wọ́n bò. Ọkọ̀ tó lé ní 640,000 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ogun tó parí.

Àwọn bàbá wa náà mọ jíìpù yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè àti inú igbó wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Ọwọ́ ni wọ́n fi la èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Níbi tí jíìpù kò bá lè dé, orí ni àwọn ọmọ Áfíríkà fi ń ru ẹrù. Ẹni tó bá ti fi orí ru àpótí gun òkè kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé kílò kọ̀ọ̀kan ní iye tí à ń san lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, nǹkan méjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, 1953, ní ilẹ̀ méjì tó jìnnà síra wọn. Àwọn méjèèjì ló kọ́ ayé ní ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ìhámọ́ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìdíje ọkọ̀ tí a mọ̀ sí Safari, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti fi ṣe àjọyọ̀ ìwúyè Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ó gba Kenya, Uganda àti Tanganyika kọjá, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rìn. Eré ni wọ́n ń sá. Awakọ̀ kì í rí òkúta kí ó tó kàn án, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi kò ṣe rí tiwọn. Ìdí nìyí tí iwájú ọkọ̀, níbi tí súmpù wà, fi jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí awakọ̀ Safari ń dáàbò bò. Wọ́n á fi àwo irin sábẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n á tẹ etí rẹ̀ iwájú sókè díẹ̀ kí ó lè yọ̀ gun orí òkúta, kí ó má baà fi etí gbá a.

Ìdíje náà le. Ní 1963, ọkọ̀ méje péré ló parí eré. Ní 1968, méje náà ni. Ní ọdún méjèèjì, Nick Nowicki ló gba ipò kìíní, Peugeot 404 ló sì wà. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín léèrè nípa 404, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó ṣiṣẹ́ fún wọn lórí ọ̀nà tiwa náà. Ní 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, 504 ni Ove Andersson fi gba Safari. Joginder Singh, ọmọ Kenya tó jẹ́ mẹkáníìkì, gbà á lẹ́ẹ̀mẹta: ní 1965 pẹ̀lú ọkọ̀ Volvo àlòkù, àti ní 1974 àti 1976 pẹ̀lú Mitsubishi. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ tí ènìyàn lè gbé lọ sí ọjà ni, tí wọ́n tún ṣe níbi tó yẹ.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rubicon, tó gba orí òkè Sierra Nevada kọjá láti agbègbè Georgetown lọ sí ọ̀nà adágún Tahoe. Ó gùn tó máìlì 22. Ní oṣù Kẹjọ 1953, jíìpù 55 tó gbé ènìyàn 155 jọ gba ọ̀nà náà, Mark Smith wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sá eré. Òkúta tó tó àpótí ìjókòó, òmíràn tó tábìlì, ni ọkọ̀ ń rọra gun lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ ń rí òkúta náà kedere, ẹnìkejì rẹ̀ tún lè sọ̀ kalẹ̀ máa júwe fún un. Ṣùgbọ́n bí táyà iwájú bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ilẹ̀kùn, ni yóò jókòó lé e. Páànù ibẹ̀ kò nípọn. Bó bá tẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn awakọ̀ orí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀pá irin gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yóò fi í jókòó lórí òkúta, yóò sì yọ̀ kọjá. Nítorí pé ó lè ru ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ nígbà kan, ara ṣáásì ni a gbọ́dọ̀ dè é mọ́. Bí a bá dè é mọ́ páànù lásán, òun gan-an ni yóò fa páànù náà ya. Ẹ má ṣe fi wé irin dídán tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ gun jíìpù ńlá láàárín ìlú. Èyí wà fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Gbé e lé orí òkúta, yóò ká bíi ewé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Jeep gbé ọkọ̀ Wrangler Rubicon jáde fún 2003, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀nà náà sọ ọ́, wọ́n fi irin sí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ó gba 50 ọdún kí ohun tí awakọ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe tó di ohun tí a ń rà pọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì nìyí: ọ̀nà eré ń lu iwájú, ọ̀nà ìrọra ń tẹ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí òun ń rìn yóò ra méjèèjì, yóò sì ru méjèèjì.

Ó ku irú irin tí a ó yàn. Àwo irin tí gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, tó nípọn ní mìlímítà 5, wúwo tó kílò 39. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, tó tilẹ̀ nípọn ní mìlímítà 6, kílò 16 péré ni. Ẹni tó ń sá eré lè fẹ́ràn alumíníọ̀mù nítorí pé ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù rọ̀, òkúta ń gbẹ́ ẹ, ó sì ń di òkúta mú dípò kí ó yọ̀. Irin ń yọ̀ dáadáa, bó bá tẹ̀, ẹni tó ní òòlù lè lù ú padà. Ìpáta ni ọ̀tá tirẹ̀. Ìjàpá ní igbá lẹ́yìn, ó ní igbá láyà, kò sí òkúta tó lè gún un nínú. Ṣùgbọ́n ta ló rí ìjàpá tó sáré gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù?

Mo ka àwọn nǹkan wọ̀nyí sétí bàbá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Ọ̀nà tiwa ńkọ́, èwo ni?” A jókòó, a rò ó. Ọ̀nà oko wa kò ní òkúta tó tó tábìlì. Òkúta kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ ló ní, tó ń lu iwájú. Nítorí náà a kò nílò ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rárá, a kò sì nílò irin dé àárín.

Jórinjórin tú irin àkọ́kọ́ kúrò. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e kò tó ìdajì rẹ̀. Ó bo súmpù nìkan, ara ṣáásì ló dè é mọ́. Ó tẹ etí rẹ̀ iwájú sókè, ó lu ihò tí ọ́ìlì yóò máa gbà jáde nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lu ihò kéékèèké fún atẹ́gùn. Ó ri orí àwọn bóòtù wọlé kí òkúta má baà gé wọn. Mẹkáníìkì wa wò ó, kò sọ̀rọ̀ ìsìnkú mọ́. Ó kàn ní, “Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.”

Ní òjò tó tẹ̀ lé e, a tún gbé ìyá àgbà gba ọ̀nà náà. A tún gbọ́ “gbàù” níbi kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá mi dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀. Àpá funfun kan wà lójú irin náà, kò sí ọ́ìlì nílẹ̀. Ìyá àgbà yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, “Ṣé kò sí?” Bàbá mi ní, “Kò sí, Ìyá mi.” A sì ń bá ọ̀nà wa lọ.