Ìdánwò Alápá Méjì Lórí Fọ́ọ̀mù Ìforúkọsílẹ̀

Nínú ìdánwò alápá méjì, ẹni tó ni ìkànnì yóò ṣe ẹ̀dà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún fọ́ọ̀mù kan náà, kọ̀ǹpútà yóò ṣẹ́ gègé láti mọ ẹ̀dà tí àlejò kọ̀ọ̀kan yóò rí, a ó sì ka iye ẹni tó fi ímeèlì sílẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n yìí ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ lọ́jọ́ orí. Láàárín 1920 sí 1930 ni R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ń fi gègé pín ilẹ̀ oko ìwádìí Rothamsted ní England, kí ó má baà fi ògo ilẹ̀ ọlọ́ràá fún ajílẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Gègé yìí gan-an ni ẹ̀mí ìdánwò náà. Bí a bá fi fọ́ọ̀mù kan han àwọn tó wọlé láàárọ̀, tí a fi òmíràn han àwọn tó wọlé lálẹ́, ta ni yóò sọ bóyá fọ́ọ̀mù ló yàtọ̀ ni, àbí àwọn èèyàn?

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni ti ìpolongo Barack Obama ní Amẹ́ríkà. Ní December 2007, Dan Siroker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì ìpolongo náà wò pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́rin, àwòrán mẹ́ta àti fídíò mẹ́ta. Ẹ̀dà 24 ló jáde níbẹ̀. Àlejò 310,382 ló rí wọn, bíi 13,000 fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Fídíò ni ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ìpolongo wà, àmọ́ kò sí fídíò kan tó ṣe dáadáa tó àwòrán. Àwòrán Obama pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló borí, pẹ̀lú bọ́tìnnì tó pe èèyàn wá mọ̀ sí i, dípò èyí tó ní kó forúkọ sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àlejò, ojú ewé àtijọ́ ń rí ímeèlì 8.26 gbà, tuntun ń gba 11.6. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Níbí yìí, onílé ni kò ríran.

Ẹnìkan lè ní oríire lásán ni. Nínú 13,000 àlejò, ìyàtọ̀ náà ju 400 èèyàn lọ, oríire kì í sì í sábà tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ká ní àlejò 100 péré ló rí apá kọ̀ọ̀kan ni, 8 àti 12 ni à bá máa sọ, òjò ìrọ̀lẹ́ kan sì tó láti fa irú ìyàtọ̀ yẹn. Nítorí náà, kí ìkànnì kékeré fi àwọ̀ bọ́tìnnì sílẹ̀, kó dán nǹkan ńlá wò: kí ó yọ àpótí nọ́ńbà fóònù kúrò, fún àpẹẹrẹ. Kí ó sì ti dá ọjọ́ ìparí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yọjú wo èsì lójoojúmọ́, tó wá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tó wù ú bá ṣíwájú, òun fúnra rẹ̀ ló yan olúborí.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ohun tí à ń kà. Siroker ṣírò pé ìyàtọ̀ yẹn mú ímeèlì 2,880,000 àti 60 mílíọ̀nù dọ́là kún ti ìpolongo náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó yẹn gbà pé àwọn tó kún un dáwó bíi ti àwọn yòókù, ìdánwò fọ́ọ̀mù kò sì wọn ìyẹn. Fọ́ọ̀mù tó ti máàkì àpótí ìfọwọ́sí kí àlejò tó dé lè borí bí orúkọ nìkan la bá ń kà. Láti May 2018 sì ni òfin GDPR ti European Union kò ti ka irú máàkì bẹ́ẹ̀ sí ìfọwọ́sí. Ẹni tí a fi ọgbọ́n kó wọlé lè tẹ spam nígbà tí lẹ́tà bá dé, bí irú wọn bá sì pọ̀, lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ẹ gan-an náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já sí spam. Ó tọ́ kí kíka náà máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. Iye ẹni tó ṣí lẹ́tà pàápàá kò ṣeé gbára lé mọ́ látìgbà tí Apple, ní 2021, ti jẹ́ kí ètò ímeèlì rẹ̀ máa ṣí àwòrán inú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹni tó tẹ líǹkì, ẹni tó fèsì, àti ẹni tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ló ṣẹ́ kù láti kà.