Láti Àwọ̀ Ètè Dé Máàkì 21: Bí Dókítà Ṣe Ń Díwọ̀n Ewu Ikú Nínú Àrùn Èémí

Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà ń pa àwọn ọmọ ogun ní àgọ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà, ojú lásán ni dókítà fi ń mọ ẹni tí kò ní í là á já. Bí ètè àti etí aláìsàn bá ti di elésè àlùkò, wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò dé inú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àmì yìí hàn kedere lára aláwọ̀ funfun. Lára aláwọ̀ dúdú, àfi kéèyàn yẹ inú ẹnu wò.

Nígbà tó yá, ìṣirò dé. Lọ́dún 1981, William Knaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington gbé APACHE kalẹ̀ fún wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe. Ní 1997, Michael Fine àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe ti àwọn tó ní òtútù àyà, ṣùgbọ́n nǹkan 20 ni dókítà ní láti rò pọ̀. Ta ló ráyè ìyẹn lóru tí èrò kún wọ́ọ̀dù? Abájọ tí CURB-65, tí Wei Shen Lim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003, fi gbajúmọ̀. Nǹkan 5 péré, máàkì kọ̀ọ̀kan: kí ọkàn aláìsàn dàrú, kí yúríà, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́, ju 7 lọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó máa mí tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìfúnpá rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kó ti pé ọdún 65.

Òtútù àyà lápapọ̀ ni wọ́n ṣe é fún o, kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì nìkan. Inflúẹ́ńsà H1N1 ọdún 2009 tú àṣírí rẹ̀: ọ̀dọ́ tí máàkì rẹ̀ kò ju òdo tàbí 1 lọ ń bá ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí. CURB-65 kò tilẹ̀ béèrè bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Kòrónà wá dé, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò tirẹ̀. Laure Wynants àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú rẹ̀ 232 wò. Èyí tó pọ̀ jù kò ṣeé gbára lé. Àwọn kan tilẹ̀ yọ àwọn tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú ìṣirò, wọ́n wá ka ẹni tó kú àti ẹni tó ti lọ sílé nìkan.

Ọ̀kan lára ìwọ̀nba tí wọ́n yìn ni 4C, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó lé ní 35,000 ní Bìrìtìkó ṣe ní 2020. Máàkì 21 ni gbogbo rẹ̀. Ká ní ìyá ẹni ọdún 72 kan ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń mí ní ìgbà 26, ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 90, yúríà rẹ̀ 8, CRP, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ sí i bí ara bá ń bá àrùn jà, jẹ́ 120, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Máàkì 13 nìyẹn: nínú irú rẹ̀ 10 nígbà náà, bí ẹni 4 ló ń kú. Bó bá jẹ́ ẹni ọdún 45 ni, tí gbogbo ìyókù rí bákan náà, 7 ló máa gbà, ewu rẹ̀ á sì dín sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 10. Ọjọ́ orí lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ́síjìn tí kò tó 92 ń gba máàkì 2. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka, tó ti inú èrò Takuo Aoyagi ará Japan wá láàárín ọdún 1970 sí 1979, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń rán gba inú awọ kọjá. Ní Disẹ́ńbà 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Michigan fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń fi àìtó ọ́síjìn pamọ́ lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po 3 ti aláwọ̀ funfun. Ẹni tó yẹ kó gba máàkì 2 lè gba òdo.

Yàtọ̀ sí èyí, ilé ìwòsàn tí kò ní ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè lo 4C. CRB-65, ẹ̀dà CURB-65, ní tirẹ̀ yọ yúríà kúrò. Lọ́dún 2017, wọ́n fi àwọn aláìsàn orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, Uganda àti Sierra Leone lára wọn, ṣe UVA: ìwọ̀n ara gbígbóná, ìlùkìkì ọkàn, mímí, ìfúnpá, ọ́síjìn, bí ọpọlọ ṣe jí sí, àti bóyá aláìsàn ní HIV. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láì dúró de èsì yúríà tàbí CRP. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn 6 náà, ẹ̀rọ orí ìka yẹn náà ni wọ́n sì ṣì fi ń ka ọ́síjìn.