Ara Kọ̀ Ọ́: Yorùbá Lẹ́nu Dókítà Àlẹ́jì

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ di àgbà dókítà nínú ìtọ́jú àlẹ́jì àti ìmọ̀ àjẹsára yóò lo ọdún 4 nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún 3 nínú ìtọ́jú ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà, kó tó wá fi ọdún 2 kọ́ iṣẹ́ náà gan-an. Ní Nàìjíríà, ọdún 6 ni ìwé dókítà, lẹ́yìn èyí ni ọdún ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn àti ọdún àgùnbánirọ̀, kí ẹ̀kọ́ àkànṣe tó bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà náà bá jókòó síwájú ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun kò lè fi èdè tí wọ́n fi tọ́ òun ṣàlàyé iṣẹ́ òun.

Kì í ṣe pé ọwọ́ Yorùbá ṣófo. Kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé ni àwọn bàbá wa ti ní àjẹsára, oògùn tí wọ́n ń jẹ sára de ibi. Abẹ́rẹ́ dé, ó gba orúkọ náà. Ìyá tó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí kò tilẹ̀ rántí pé jíjẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí HIV náà dé, àwọn ènìyàn pe kòkòrò rẹ̀ ní apa-sójà-ara. Orúkọ yìí péye gan-an. Ẹni tí kò gbọ́ nípa CD4, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ń pa, rí mọ ohun tí sójà ń ṣe, ó sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìlú tí wọ́n bá pa sójà rẹ̀ tán. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kò jìn mọ́: bí sójà ara bá kọjú ìbọn sí ara tó yẹ kó ṣọ́, bó ti rí nínú àrùn lupus, ìdìtẹ̀ sójà ara ni.

Orí àlẹ́jì fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Clemens von Pirquet, dókítà ọmọdé ní Vienna, ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1906. Ó ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin lẹ́ẹ̀kejì ń tètè ṣàìsàn ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, òmíràn àti iṣẹ́: ara ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sá di èèwọ̀ ara bí wọ́n bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ọlá tirẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá kì í fi èèwọ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ jẹ́ ti ìdílé, ti òrìṣà tàbí ti oyè. Àlẹ́jì jẹ́ ti ara ẹnì kan ṣoṣo, àbúrò rẹ̀ lè jẹ ohun kan náà kó sì pọ́n ọwọ́ lá. Wọ́n máa ń sọ èèwọ̀ fún ọmọ kó tó fẹnu kàn án. Ènìyàn sì lè ti máa jẹ edé láti kékeré kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ lágbà. Ẹni tó jẹ èèwọ̀ lè ṣètùtù. Kò sí ètùtù fún ọ̀fun tó ń wú: abẹ́rẹ́ adrẹnalíìnì sí itan ni, kíákíá. Ìyá tó bá gbọ́ pé ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ṣẹ̀ nínú ẹbí, nígbà tó yẹ kó máa wádìí ohun tó wà nínú bisikíìtì ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ti wà lẹ́nu aráàlú tipẹ́: ara mi kọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni ìkọ̀ ara ti lè jáde fún àlẹ́jì, kí edé, eruku tàbí pẹnisílíìnì tó ń fà á sì máa jẹ́ ohun ìkọ̀.

Síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ ya àwọn nǹkan sọ́tọ̀ níbi tí ẹnu kò ti yà wọ́n. Nọ́ọ̀sì kan á mú bírò pupa, á béèrè pé, “Mama, ṣé oògùn kankan wà tí ara yín kì í gbà?” Mama á ní, “Ó wà o, ọmọ mi. Kìlórókúìnì. Bí mo bá ti lò ó, n ò ní sùn mọ́jú, ńṣe ni n ó máa họra.” Nọ́ọ̀sì á kọ àlẹ́jì sórí káàdì. Bẹ́ẹ̀ ìyúnra kìlórókúìnì tí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ mọ̀ kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ sójà ara rárá. Mílíìkì náà ńkọ́? Inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá kò lè da ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, ni inú fi ń kùn tó sì ń ṣu. Àìdà ni ìyẹn, kì í ṣe ìkọ̀. Àìdà ń fìyà jẹni. Ìkọ̀ lè pani. Káàdì tó bá da ìyúnra, àìdà àti ìkọ̀ pọ̀ lè gba oògùn tó wúlò lọ́wọ́ aláìsàn.

Èyí tó le jù nínú ìkọ̀ ara ni anaphylaxis. Charles Richet àti Paul Portier, àwọn ará Faransé, ló fún un lórúkọ yìí lọ́dún 1902. Wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́ oró ẹranko òkun kan tó rí bí òdòdó, wọ́n rò pé ara rẹ̀ yóò le sí i. Ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àjẹsára ni wọ́n ń wá, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí, òdìkejì ààbò náà ni wọ́n sì fi sọ orúkọ rẹ̀. Richet gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1913. Ní Yorùbá, ìkọ̀ ara òjijì sàn ju ìtumọ̀ orúkọ Gíríìkì náà lọ, torí ẹni tó bá gbọ́ òjijì yóò sáré.

IgE, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń tanná ran ìkọ̀ ara, lè máa jẹ́ IgE ní tirẹ̀. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti la ọ̀nà pẹ̀lú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá lọ́dún 1984, fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Herbert Igboanusi àti àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún HIV, éèdì àti Ebola. Àlẹ́jì àti àjẹsára ló kàn. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ilé ìwòsàn yunifásítì jókòó pọ̀, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ má dúró de ìwé náà: ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ láti òní lọ, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an.