Òdòdó Pupa Lára Ẹ̀wù Agbábọ́ọ̀lù: Ta Ni Ó Ni Ìrántí Ogun?

Ìfáárà

Kí ìwé kíkà tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àrokò wà lára ohun tí àwọn baba ńlá fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni orúkọ iye náà. Ẹni tí ó bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọra. Òfin kan ni ó gbé àrokò ró: ẹni tí ó ránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ kan náà. Bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀, ohun tí a fi wá ìfẹ́ lè di ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀.

Irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni òdòdó pupa kékeré, pópì, tí àwọn ará Ilẹ̀ Ọba máa ń há mọ́ àyà ẹ̀wù wọn ní oṣù kọkànlá ọdọọdún láti fi rántí àwọn tí ó kú sójú ogun. Láti ọdún 2011 ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá ó tọ́ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè gbé e wọ pápá. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

Orísun òdòdó náà

Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1918 ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ní agbègbè Flanders ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí àgbá ìbọn ti tú ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, pópì wà lára ewéko tí ó tètè hù láàárín sàréè àwọn ọmọ ogun, nítorí pé ilẹ̀ tí a tú ni irúgbìn rẹ̀ fẹ́ràn láti hù. John McCrae, dókítà ọmọ ogun Kánádà, fi òdòdó náà kọ ewì ní ọdún 1915. Ewì yìí ni ó wú Moina Michael, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, lórí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í há pópì mọ́ ẹ̀wù ní ọdún 1918. Anna Guérin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ British Legion ní ọdún 1921. Ẹgbẹ́ náà ń tà á láti fi ran àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara àti àwọn opó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ará Ilẹ̀ Ọba fúnra wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1933, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Co-operative Women's Guild gbé pópì funfun jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ìrántí òkú ogun má ṣe yà kúrò lára ìpinnu pé ogun kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìjà lórí pápá

Òfin Kẹrin nínú òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò gbà kí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán ìṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn wà lára ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òfin yìí ni àjọ FIFA gùn lé ní ọdún 2011 tí wọ́n fi kọ̀ pé kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má ṣe fi pópì sára ẹ̀wù nígbà tí wọ́n fẹ́ bá Sípéènì gbá ní Wembley ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Ariwo ta. David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, àti Ọmọọba William fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ọkùnrin méjì sì gun òrùlé ilé FIFA ní Zurich. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò sí i pé kí pópì wà lára aṣọ dúdú tí àwọn agbábọ́ọ̀lù so mọ́ apá.

Ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ náà le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá gan-an ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland pàdé nínú ìdíje láti yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. FIFA kọ̀, Theresa May, tí ó ti di olórí ìjọba, bá wọn wí gidigidi nílé aṣòfin, ẹgbẹ́ méjèèjì sì lo òdòdó náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, FIFA bu owó ìtanràn lé wọn: 45,000 owó fráǹkì ilẹ̀ Switzerland fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 20,000 fún Scotland, 20,000 fún Wales, àti 15,000 fún Àríwá Ireland. Wales àti Àríwá Ireland kò fi pópì sí apá agbábọ́ọ̀lù kankan. Pópì tí ó hàn láàárín òǹwòran àti ní àyíká pápá ni ó kó bá wọn. Ní àsìkò kan náà, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland san 5,000 nítorí àmì ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìdìtẹ̀ Àjíǹde ọdún 1916 tí wọ́n fi sára ẹ̀wù. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ ìdìtẹ̀ yẹn rì. FIFA fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìrántí ẹni tí ó yìnbọn àti ti ẹni tí ìbọn bà.

Ọdún 2017 ni wọ́n tún òfin náà ṣe. Ó wá gba àmì ìrántí láàyè, bí a bá ti ro ti ẹgbẹ́ kejì, àwọn alátìlẹ́yìn wọn àti gbogbo ènìyàn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbàlejò Jámánì ní Wembley. Jámánì, tí ó jẹ́ ọ̀tá nínú ogun méjèèjì, gbà, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ náà sì so pópì mọ́ apá. Èyí ni àrokò tí ó pé: ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á ka ìtumọ̀ kan náà.

Àwọn tí ó ka ìtumọ̀ mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò jẹ́ gbàgbé. Ìlú Derry ní Àríwá Ireland ni wọ́n bí James McClean sí. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, ọmọ ogun Ilẹ̀ Ọba yìnbọn lu àwọn tí ń wọ́de. Ènìyàn mẹ́tàlá kú lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 2014, McClean kọ lẹ́tà sí alága ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wigan pé, bí ó bá jẹ́ pé òkú ogun àgbáyé méjèèjì nìkan ni pópì dúró fún, òun ìbá há a. Ṣùgbọ́n ó tún dúró fún àwọn ọmọ ogun tí ó pa aládùúgbò òun. Cameron tí ó jà fún pópì ní ọdún 2011 ni ó tọrọ àforíjì nílé aṣòfin ní ọdún 2010 fún ìpànìyàn ìlú Derry yìí. Ní ọdún 2018, Nemanja Matić, ọmọ ilẹ̀ Serbia, ṣàlàyé pé ọmọdé ni òun nígbà tí bọ́ǹbù NATO bọ́ sí ilẹ̀ òun ní ọdún 1999.

Ẹgbẹ́ tí ń san owó iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì ti kọ̀. Ènìyàn lè fi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Orílẹ̀-èdè tí a bí ni sí kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹrù náà wúwo jù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè.

Òkú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Fatma Samoura, ọmọ Senegal, ni akọ̀wé àgbà FIFA ní ọdún 2016. Èsì rẹ̀ fún àwọn ará Ilẹ̀ Ọba ni pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ogun bá jà, pé Áfíríkà náà ti rí ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ló wá dé tí a ó fi ya orílẹ̀-èdè kan sọ́tọ̀? Àwọn kan bínú sí i, ṣùgbọ́n ìtàn wà lẹ́yìn ìbéèrè náà. Ní Thiaroye, nítòsí Dakar, ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1944, ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí ó ti jà fún Faransé, nítorí pé wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọdún 2024 ni ààrẹ Faransé tó pe é ní ìpakúpa.

Ní ti àwọn tí ó jà lábẹ́ Ilẹ̀ Ọba, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jà ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nínú ogun kìn-ín-ní. Nínú ogun kejì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 jà ní Bóma. Ní ọdún 2021, ìwádìí tí àjọ tí ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì gbé jáde nípa ogun kìn-ín-ní fi hàn pé ó kéré tán òkú 116,000, tí ó sì lè tó 350,000, ni a kò dárúkọ wọn tàbí tí a kò rántí wọn rárá. Áfíríkà àti àárín gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Guggisberg, gómìnà Gold Coast, ti sọ ní ọdún 1923 pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta sàréè. Ìjọba Ilẹ̀ Ọba tọrọ àforíjì ní ọdún 2021. Nítorí náà, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òbí rẹ̀ wá láti Èkó tàbí Accra bá so pópì mọ́ apá, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá bàbá ńlá òun wà nínú òdòdó náà.

Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní

Nàìjíríà náà ní ìbéèrè tirẹ̀ láti dáhùn. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí Ogun Abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ààrẹ ni ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí títa àmì ìrántí náà. Oṣù kìn-ín-ní yìí kan náà ni ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà sábà máa ń bọ́ sí: ní ọjọ́ 14 oṣù náà ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Super Eagles ń bá Equatorial Guinea gbá ní Abidjan. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí wọ́n fi àmì yìí sára ẹ̀wù, kí ni ọmọ sójà ìjọba àpapọ̀ láti Ìbàdàn yóò kà nínú rẹ̀? Kí ni ọmọ ẹni tí ó kú fún Biafra yóò kà? Gowon sọ ní ọdún 1970 pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́, àmì náà gbọ́dọ̀ gba òkú ìhà méjèèjì. Bí kò bá gbà wọ́n, inú ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ti jọ ń wọ ẹ̀wù kan náà kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a há a sí.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan ní kí a fòfin de gbogbo àmì, kí a fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan ṣe ìrántí. Ọ̀rọ̀ wọn ní làákàyè nínú, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ ń gba òkú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí orílẹ̀-èdè ti ń dúró gẹ́gẹ́ bí ara kan ṣoṣo kò pọ̀, pápá bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ọ̀kan. Kò yẹ kí a lé ìrántí kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ohun tí ó tọ́ ni kí a lo òfin àrokò: kí ẹgbẹ́ kejì gbà á, kí agbábọ́ọ̀lù tí kò fẹ́ há a má ṣe di ẹni ìbúnilórúkọ, kí àwọn tí ó gbé àmì náà kalẹ̀ sì lè ka orúkọ gbogbo òkú tí ó jẹ́ ti ilé náà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí ń sunkún òkú tirẹ̀ lè wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó rí òkú aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú.