Ọ̀pá Eléèkó àti Ìbò Palẹ́sítínì

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì bi mí pé kí ni ká máa pe “recognise” ní Yorùbá, nígbà tí ìròyìn bá ní orílẹ̀-èdè kan ti ṣe é fún Palẹ́sítínì. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Ìṣàlẹ̀ Èkó ná, torí Ìgà Ìdúngànran ti fojú ara rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún 1920, Herbert Macaulay tẹ̀lé Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Ó mú ọ̀pá Eléèkó Èṣúgbàyí dání. Ohun tó sọ lọ́hùn-ún nípa ọba rẹ̀ bí ìjọba nínú, wọ́n bá ní kí Èṣúgbàyí rán alágogo káàkiri ìlú láti kéde pé ọ̀rọ̀ Macaulay kì í ṣe tòun. Kábíyèsí ò rán alágogo kankan. Ní oṣù December ọdún yẹn, ìjọba ní àwọn ò kà á sí Eléèkó mọ́. Ẹ wò ó o: ọba kan náà ṣì wà nínú ìgà kan náà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ní ọba. Àfi ìgbà tó di 1925 tí wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé ní 1931. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wàjà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú “kà sí”, tí mi ò mú “dá mọ̀”. Ìjọba dá Èṣúgbàyí mọ̀ dáadáa, wọn ò kàn kà á sí ni.

Ó wá kan Palẹ́sítínì. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí pípín ilẹ̀ náà sí méjì ní November 1947, Èkó ò lẹ́nu níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wa ta kété. Láìbéríà nìkan ló dìbò nínú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ní kí wọ́n pín in. Àwa náà wá rí ẹnu tiwa. Ní 15 November 1988, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì ní Algiers. Ní ọjọ́ 18, Nàìjíríà kà á sí. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn, bí a bá kà á bí Yorùbá ṣe ń kà á. Ní 2012, nígbà tí orílẹ̀-èdè 138 gbà kí Palẹ́sítínì ní ìjókòó olùwòran ní Àjọ Àgbáyé, àwa àti Benin wà lára wọn. Tógò ta kété.

Ibi tó ń dùn mí ni 30 December 2014. Jọ́dánì gbé àbá kan lọ sí Ìgbìmọ̀ Ààbò: kí àdéhùn àlàáfíà wáyé láàrin ọdún kan, kí Ísírẹ́lì sì kúrò lórí ilẹ̀ tó gbà ní 1967 kí 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ni wọ́n nílò. Mẹ́jọ ni wọ́n rí. Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà kọ̀ ọ́, àwọn márùn-ún ta kété, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Aṣojú wa ní ìjíròrò ni ọ̀nà àlàáfíà. Netanyahu ní tirẹ̀ dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ ààrẹ wa àti ti Rùwáńdà, pé àwọn ti jọ sọ ọ́. Lóòótọ́, ká tiẹ̀ ní a dìbò náà, Amẹ́ríkà lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fagi lé e fúnra rẹ̀!

Luxembourg dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Luxembourg o, tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò tó 600,000 ní 2014; Alímòṣọ́ nìkan jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, kò tíì ka Palẹ́sítínì sí nígbà yẹn. Àwa tá a ti kà á sí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ká ọwọ́ lẹ́rán.

Gẹ̀ẹ́sì tó ní òun ò ka Èṣúgbàyí sí mọ́, tó ta kété ní 1947, ní 2012 àti ní 2014, ka Palẹ́sítínì sí ní 21 September 2025. Ní ọjọ́ kejì, Luxembourg náà ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi, kọ “kà sí” sílẹ̀. Èyí tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún.