Kí A Tó Wó Ilé Alámọ̀ Tó Kù



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fótò ilé alámọ̀ kan ní Ọgbà yìí sórí gúrúpù wa. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ wa dáhùn pé, "Ẹ wó o jàre!" Èmi náà fẹ́ kọ bẹ́ẹ̀, àfi bí mo ṣe rántí Ilojo Bar.

Ìtòsí Gbàgede Tinúubú, ní Erékùṣù Èkó, ni ilé náà wà. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, bí àwọn Àgùdà ṣe ń kọ́lé. Àwọn Àgùdà ni èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí àwọn àtọmọ wọn padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lókè òkun ni wọ́n fi kọ́lé fún ara wọn: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n yà sára ògiri. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, òun ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ògiri yẹn ń sọ ìtàn ìpadàbọ̀ wọn láìsí ìwé.

Ní 1956, ìjọba sọ Ilojo Bar di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Fótò nìkan ló kù.

Mi ò bá sìmẹ́ńtì jà o. Ní Òṣogbo, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Òun, Susanne Wenger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ère àti ògiri sínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi gbà á ní 2005. Ní Oníkan náà, Ṣeun Odùwọlé ya John Randle Centre, ògiri rẹ̀ sì ní àwọ̀ ilẹ̀ bíi tilé àwọn baba wa. Ohun tí a bá fi sìmẹ́ńtì sọ ló ṣe pàtàkì.

Kí ilé-iṣẹ́ tó gba ìhà Agége àti Ìkẹjà yìí, oko kòkó àti oko obì ló pọ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kankan ò lè sọ ìyẹn fọ́mọ wa. Ilé alámọ̀ lè sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé òjò ń jẹ ògiri, owó àtúnṣe ò sì sí. Bó bá di dandan ká wó o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fótò tinú-tòde. Ẹ bi àgbà ilé léèrè ẹni tó mọ ọ́n, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Ẹ yọ ilẹ̀kùn tàbí òpó kan pamọ́. Àwa ọ̀dọ́ á wá gbé e. Tí a bá kọ́ gbọ̀ngàn ìlú wa, ilẹ̀kùn yẹn la máa gbà wọlé.

Ire o.
Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́